Ojú Ìwé Kan Tí Mo Fò ní Lẹ́kí

Ẹ̀yin ará ilé, ẹsẹ̀ mi ò tíì sinmi tí ẹ ti ń bi mí léèrè òkun. Ẹ ti bi mí léèrè afárá gígùn, ẹ bi mí bóyá òótọ́ ni pé omi ń wọlé olówó lójò. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tiẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá mo bá olórin kankan pàdé. Mi ò bá olórin pàdé o. Mo rí òkun, màá sì sọ fún yín bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni mo bá rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ò sì ní gbọ́ ìrìn-àjò náà yé tí mi ò bá ròyìn ẹ̀rù ọ̀hún mọ́ ọn.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni Ràlíà, ọmọ ilé aláṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, ọdún yìí ni mo sì máa jáde. Ìwé kíkà ti wọ̀ mí lẹ́wù láti kékeré. Bébà tí wọ́n bá fi di àkàrà fún mi, màá tẹ́ ẹ sórí orúnkún, màá kà á kí n tó jẹ àkàrà.

Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ni mo kọ́kọ́ kàwé fún. Wọn ò dé ilé ìwé rí. Ahunṣọ ni wọ́n, ìdí òfì ni wọ́n sì máa ń jókòó sí lẹ́yìn ìrun Mọ̀gíríbì, tí èmi á máa kàwé sí wọn létí. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi: má fo nǹkan kan. Tí mo bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le, tàbí ibi tí ẹnìkan ti kú nínú ìtàn, màá fẹ́ yọ́ kọjá. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa pe oríkì mi: “Àbẹ̀kẹ́, o ti fo ojú ìwé kan. Padà sẹ́yìn.” Mi ò mọ bí ẹni tí kò mọ “A” yàtọ̀ sí “B” ṣe ń mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo dé ọdún ìparí ní yunifásítì, àdàpè ni mo yàn fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Orúkọ rírọ̀ tí à ń fún ohun tó le ni àdàpè. Ejò á di okùn ilẹ̀. Ọba kì í kú, ó ń wàjà ni. Àdàpè olè ní ń jẹ́ “ọmọ ń fẹ́wọ́.” Mo kó wọn jọ bí ẹni ń kó ìlẹ̀kẹ̀, olùkọ́ mi sì yìn mí débi pé orí mi wú.

Inú ọdún yẹn kan náà ni egbò yọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì Bàbá Àgbà. Ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára wọn tipẹ́. Egbò náà kọ̀, kò jinná, ó dúdú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ni àbúrò bàbá mi, Kàmọ́rù, tí gbogbo àwa ọmọ ń pè ní Dádì Lẹ́kí, bá ránṣẹ́ pé ká gbé Bàbá wá sọ́dọ̀ òun kí àwọn dókítà ibẹ̀ lè yẹ̀ wọ́n wò. Bàbá mi ní, “Ràlíà, ìwọ lo gbọ́ èdè àwọn dókítà. Ìwọ ni ẹnu Bàbá.”

Aṣọ tí màá wọ̀ lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde mi ló wà lórí òfì nígbà náà. Bàbá Àgbà ti hun ìdajì rẹ̀. Wọ́n fi aṣọ àtijọ́ bo òfì, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí àwọn á fi dé.

Ohun kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ọkùnrin kan ní àdúgbò wa ti bá irú àìsàn yìí pàdé, wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Bàbá Àgbà gbọ́, ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Èmi ò ní gbà fún wọn láéláé.” Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Pátákó

N ò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dá yín dúró. Láti ìgbà tí a ti wọ Èkó ni Bàbá ti sọ ojú ọ̀nà di ìwé. Gbogbo pátákó tí a bá kọjá, wọ́n á tọ́ka sí i. “Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?”

A kọjá afárá, omi ń dán lápá ọ̀tún àti lápá òsì, a sì bọ́ sí Lẹ́kí. Wọ́n kọ nǹkan gàdàgbà sára ògiri ilé kan.

“Wọ́n ní ilé yìí kì í ṣe títà, Bàbá.”

“Ta ló ní òun fẹ́ rà á?”

Nígbà tó yá, a tún rí òmíràn tó sọ bẹ́ẹ̀, a tún rí ẹ̀kẹta. Ni Bàbá bá mi orí. “Ìlú yìí le o. Wọ́n ń bá ẹni tí kò sọ̀rọ̀ jiyàn.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ibi tí mo ti ń nu ojú ni pátákó gíga kan ti yọ níwájú wa. Wọ́n ya ọkùnrin kan síbẹ̀ tó wọ ṣòkòtò péńpé, irin sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Wọ́n ń polówó ẹsẹ̀ àtọwọ́dá.

“Ìyẹn ńkọ́?”

“Ilé ìwòsàn kan ni, Bàbá.”

Wọ́n wò mí, wọ́n kọjú sí fèrèsé, wọn ò sì béèrè pátákó kankan mọ́ títí a fi dé Ìkàtẹ́, àdúgbò Dádì Lẹ́kí.

Ẹnu geètì

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ilé olówó kàn ń ṣí sílẹ̀ fún àlejò, ẹ gbọ́. Inú ọgbà tí geètì wà lẹ́nu rẹ̀ ni Dádì Lẹ́kí ń gbé. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣọ́ geètì sún mọ́ ọkọ̀ wa.

Bàbá yọjú. “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìdúró. Oòrùn yìí mà mú o. Ilé ńkọ́?”

“Baba, abeg, who una wan see?”

“Kí ló wí?”

“Ó ní ta la fẹ́ rí, Bàbá.”

“Kò tíì jẹ́ mi lóhùn.”

Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa ti ń fun fèrè. Mo ní kí wọ́n dárí jì í, ká máa lọ. Wọ́n dì í mú pé ẹni tí èèyàn kí, ó yẹ kó dáhùn kó tó béèrè nǹkan. Ọ̀dọ́kùnrin náà wò wá títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. “Ẹ káàbọ̀ sà, Bàbá. Ilé wà. Ẹ kú ọ̀nà o.” Bàbá wá ní kí n sọ orúkọ ẹni tí a fẹ́ rí fún un.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ní tirẹ̀. Ìyàwó Dádì Lẹ́kí, Àǹtí, kì í ṣe Yorùbá, ọmọlúwàbí obìnrin sì ni. Ó ti kà nípa ìtọ̀ ṣúgà, nítorí náà ewé tútù ló gbé ka iwájú Bàbá, pẹ̀lú ìrẹsì pupa díẹ̀ àti ẹja tí kò rí epo sójú.

Bàbá wo abọ́ náà. “Àbẹ̀kẹ́, sọ fún un pé mi ò tíì di ewúrẹ́.”

Mo yíjú sí Àǹtí, mo sọ ọ́ lédè òyìnbó pé Bàbá dúpẹ́ púpọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó sì tún bù kún ewé náà. Bàbá wo abọ́, wọ́n wò mí, wọ́n jẹ ẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Àdó, lẹ́yìn Àjá, bóyá màá rí ẹ̀wà tí Bàbá lè jẹ. Ibẹ̀ dà bí ìlú tí mo mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù fara kan ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń pe ìrun, gbogbo èèyàn ń sọ Yorùbá. Mo ní inú mi á dùn wàyí. Mo kí obìnrin tó ń ta ẹ̀wà bí a ṣe ń kíni nílé, mo béèrè ẹ̀wà, mo ṣàlàyé ìdí tí mi ò fi fẹ́ epo púpọ̀.

Ó gbójú sókè. “Sísí, ibo lẹ ti wá gan-an? Yorùbá yín dà bíi ti rédíò. Ẹ fún mi ní gap, kọ́sítọ́mà wà lẹ́yìn yín.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì, mo di àjèjì láàárín Yorùbá. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Lẹ́nu mi

Dókítà tó yẹ Bàbá wò kéré lọ́jọ́ orí. Orúkọ Yorùbá ló ń jẹ́, àmọ́ Yorùbá rẹ̀ ò kọjá “ẹ pẹ̀lẹ́ sà.” Ó yẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó kọjú sí mi, ó sì sọ ọ́ lédè òyìnbó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ẹsẹ̀ náà ti kú láti ìsàlẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé e lábẹ́ orúnkún lọ́sẹ̀ yẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oró rẹ̀ á gòkè, á sì pa Bàbá.

Ẹnu mi ni Bàbá ń wò.

Dádì Lẹ́kí fà mí síta. Ọkùnrin tí mo ti mọ̀ pẹ̀lú kóòtù àti táì, ó ń bẹ̀ mí. “Ràlíà, jọ̀ọ́, please, má dárúkọ gígé létí Bàbá. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ, they will just say ká gbé àwọn padà sílé, wọ́n á sì kú síbẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n. Sọ pé wọ́n fẹ́ ṣe treatment.”

Mo pe bàbá mi lórí fóònù. Òun náà ní, “Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Wá ọ̀rọ̀ rere kan sọ fún wọn. Ṣebí iṣẹ́ tó ò ń kọ́ nìyẹn.”

Lóòótọ́, iṣẹ́ tí mò ń kọ́ nìyẹn. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀. “Bàbá, dókítà ní àwọn fẹ́ mú ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, kí ìyókù ara yín lè gbádùn.” Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, ìyẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú.

“Ibi tó ti bàjẹ́,” Bàbá ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ó dáa. Ṣé màá lè padà parí aṣọ rẹ?”

“Ọlọ́run á ṣe é, Bàbá.”

Gbogbo wa la mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti tán lẹ́nu ọmọ Yorùbá ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ṣí ìwé, mi kì í rí nǹkan kan kà. Mò ń ro bí Bàbá ṣe máa jí, tí wọ́n á na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ tí wọn ò ní bá a níbẹ̀, tí wọ́n á sì rántí pé ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn. Mo tún ń rò ó pé tí mo bá sọ ọ́ tí wọ́n kọ̀, èmi ni mo pa wọ́n. Ẹ̀rù méjèèjì kì í sùn. Bí ọ̀kan bá ń rọlẹ̀, èkejì á dìde.

Elékò

Dádì Lẹ́kí ní kí Bàbá rí òkun kí wọ́n tó wọ ilé ìwòsàn. Bó ṣe gbé wa lọ sí Elékò nìyẹn, ní àárọ̀ kan tí òpin ọ̀sẹ̀ ń kó àwọn èèyàn wá sí etí omi láti ya fọ́tò. Ẹ bi mí báwo ni òkun ṣe rí. Ariwo rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ bá pàdé kí n tó rí i. Ó ń bọ̀, ó ń padà, kò rẹ̀ ẹ́, kò sì bìkítà fún ẹni tó ń wò ó. Àwọn apẹja ń fa ọkọ̀ wọn gun orí yanrìn, wọ́n sì ń kọrin díẹ̀díẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn lè dọ́gba.

A fi ọ̀rá di ẹsẹ̀ òsì Bàbá kí yanrìn má baà wọnú egbò, a sì fi wọ́n jókòó sí etí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Dádì Lẹ́kí lọ ná ẹja.

Apẹja àgbàlagbà kan kọjá, ó kí wa. “Bàbá, ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ẹ ò ní fẹsẹ̀ kan omi ni? Ẹni tó bá dé òkun tí kò fẹsẹ̀ kàn án, kò dé ibẹ̀ o.”

“Mò ń bọ̀ o,” Bàbá ní. Wọ́n dúró títí ọkùnrin náà fi lọ. Wọn ò wò mí. Òkun ni wọ́n ń wò.

“Àbẹ̀kẹ́.”

“Bàbá.”

“O ti fo ojú ìwé kan.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

“Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tó o sọ fún mi ti di odidi nínú mi láti ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Tó o bá fẹ́ fo ibì kan nínú ìwé, ohùn rẹ máa ń yára, bí ẹni tó ń sáré kọjá ní itẹ́ òkú. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe nídìí pátákó. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe nílé ìwòsàn. Padà sẹ́yìn. Kà á bó ṣe wà.”

Mo kúnlẹ̀ sórí yanrìn. “Wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ òsì yín, Bàbá. Lábẹ́ orúnkún. Dókítà ní tí àwọn ò bá gé e lọ́sẹ̀ yìí, ẹ máa kú.”

Ó jáde tán. Mo ti to àlàyé sílẹ̀ fún ìgbà tí wọ́n bá kọ̀, gbogbo òwe tí mo mọ̀ ni mo ti kó jọ fún iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sí ọ̀kan tó wá sí mi lẹ́nu. Omi wá, ó padà, ó tún wá. Mò ń retí “orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.”

“Wọ́n ní kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀,” Bàbá ní. “Ẹsẹ̀ ọ̀hún ló wá ríbi yìí.” Wọ́n rẹ́rìn-ín kékeré. “Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ fẹ́?”

Ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí ní ìyẹn láti ìgbà tí a ti kúrò nílé.

“Mo fẹ́ kí ẹ wà láyé, Bàbá.”

“Hẹn. Ibẹ̀ yẹn ló yẹ kó o ti bẹ̀rẹ̀ ìwé náà.”

Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà ọ̀tún wọn. Mo pe apẹja yẹn padà, èmi àti òun sì gbé Bàbá dúró láàárín wa títí a fi dé etí omi. Òkun wá, ó bo ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn dé ọrùn ẹsẹ̀, òsì sì wà lókè nínú ọ̀rá. Bàbá pariwo bí ọmọdé pé omi náà tutù.

A rí Dádì Lẹ́kí lókèèrè tó ń gbé ẹja bọ̀. Bàbá fọwọ́ tọ́ èjìká mi. “Má sọ fún Kàmọ́rù pé mo ti gbọ́. Ó rò pé èmi lòun ń fi ọ̀rọ̀ rírọ̀ yẹn tù nínú. Ara rẹ̀ ló ń tù. Fi í sílẹ̀.”

Ohun tí mo sọ fún dókítà

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe é, Dádì Lẹ́kí ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n kàn fẹ́ tọ́jú ẹsẹ̀ yẹn díẹ̀ ni.”

“Ó dáa, ọmọ mi,” Bàbá ní.

Ṣùgbọ́n dókítà ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni tí kò bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe fún un. Ó ní kí n bi Bàbá. Mo rí i tí òógùn bo Dádì Lẹ́kí. Mo bi Bàbá.

Bàbá wo ọmọ wọn títí. Ojú tí wọ́n fi wò ó, bóyá ojú tí wọ́n fi ń wò ó nígbà tó wà ní ìkókó nìyẹn. Wọ́n ní, “Sọ fún dókítà pé ẹsẹ̀ òsì mi fẹ́ ṣáájú mi relé. Mo ti yọ̀ǹda rẹ̀. Kó máa lọ ire.”

Dádì Lẹ́kí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó sì ń sunkún sókè bí ọmọ tí wọ́n nà. Bàbá na ọwọ́, wọ́n gbé e lé e lórí.

“Kí ni wọ́n sọ?” dókítà bi mí.

Ní kíláàsì, mo lè kọ orí ìwé kan lódindi lórí ohun tí Bàbá sọ yẹn. Mo wo dókítà lójú. “Wọ́n mọ̀,” mo ní. “Wọ́n ní kí ẹ gé e.” Ohùn mi ò yára.

Ilé

Àjò ò dùn kí onílé má relé. Ẹ̀yin náà rí wa bí a ṣe dé, Bàbá pẹ̀lú igi lábẹ́ abíyá, ẹ kún ilé wa bámúbámú, ẹ ń kí wọn kú ewu. Ẹlòmíì ní “ẹsẹ̀ tó ń dùn yín.” Ẹlòmíì kò wo ibẹ̀ rárá. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, n ò sì bá ẹnikẹ́ni wí.

Ohun tí ẹ ò rí ni pé Bàbá ti ṣí aṣọ kúrò lórí òfì. Ìtẹsẹ̀ méjì ni òfì ní, ẹsẹ̀ méjì ló sì ń fẹ́. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n sún ara wọn, wọ́n fi ọwọ́ gbá pákó ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì jókòó. Ọ̀tún jẹ́ tiwọn, òsì jẹ́ tèmi. Tí wọ́n bá ní “òsì,” màá tẹ̀ ẹ́. Aṣọ náà ò gún régé láti ibi tí ẹsẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá mọ òfì á rí i lójú ẹsẹ̀. Òun ni màá wọ̀ lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde mi.

Ìwé wà lórí itan mi bíi ti àtijọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo dé ibi tí ìyá ti ń sin ọmọ rẹ̀ nínú ìtàn. Mo gbọ́ ohùn mi tó fẹ́ yára. Bàbá dá ọwọ́ dúró, okùn òwú wà láàárín ìka wọn.

Mo padà sẹ́yìn. Mo tẹ òsì, mo sì kà á bó ṣe wà.